Ọkọ̀ Tí Mo Rà fún Kiyoharu

Kiyoharu àbúrò mi kò fara pa nínú ọkọ̀ rí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, torí gbogbo ẹni tó bá rí i lórí àga oníkẹ̀kẹ́, tó sì gbọ́ pé awakọ̀ eré ni tẹ́lẹ̀, eré àsápajúdé ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n á mirí, wọ́n á ní ọmọdé ò mọ̀ pé ikú ń pani. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí àkàsọ̀ ló ti já bọ́, nínú oko wa, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ yìnyín. Èmi ni mo sì ní kó wá.

Orúkọ mi ni Nobukazu, ìdílé Hangai ni wá. Oko momo ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní ẹsẹ̀ òkè Azuma, èso olómi aládùn yẹn tí gbogbo agbègbè wa ní Fukushima ń gbìn. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ju Kiyoharu lọ. Nígbà tí wọ́n bí i, mo ti tó ẹni tí ń gbé ọmọ pọ̀n, ẹ̀yìn mi ló sì ti sùn jù nígbà èwe rẹ̀.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti ń dá ohùn ọkọ̀ mọ̀. A óò wà nínú oko, ọkọ̀ kan á máa gun òkè bọ̀, òun á dúró, á tẹ́tí. "Ẹ̀gbọ́n," á ní, "ẹni yẹn pẹ́ kó tó yí jíà." Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní bó bá jẹ́ pé bó ṣe ń gbọ́ ti ọkọ̀ ló ń gbọ́ ti igi momo ni, àwọn ì bá ti lọ sinmi.

Nígbà tó pé ogún ọdún, ó ti ríṣẹ́ ní pápá ìsáré ọkọ̀ kékeré kan lórí òkè níhà Nihonmatsu. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ eré. Bó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, á bá ẹgbẹ́ kékeré kan díje. Kò lókìkí. Àmọ́ àwọn tó mọ ọkọ̀ wà mọ̀ ọ́n. Mo jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò, mi ò wo ọ̀nà. Iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ bíréèkì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń kan tọ́tù, ohun ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré, lẹ́ẹ̀kan náà. Ti òsì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rìn kọjá níwájú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Nǹkan kan wà tí kò fẹ́ràn: àwọn ọkọ̀ eré ọlọ́tọmátíìkì tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí kọ̀ǹpútà ń bá awakọ̀ yí jíà wọn. Ewé irin pẹlẹbẹ méjì ló máa ń wà lẹ́yìn sítíárìn wọn. Èèyàn á fìka fa ti ọ̀tún, jíà á gòkè. Á fa ti òsì, jíà á sọ̀kalẹ̀. Ó tán.

"Ó yára ju tèmi lọ, mi ò purọ́," Kiyoharu sọ lọ́jọ́ kan nídìí oúnjẹ. "Ṣùgbọ́n ó dà bí kí ẹlòmíì máa bá èèyàn jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ̀. Màmá ni ká ra irú ẹ̀ fún, kí wọ́n máa fi lọ ra tófù." Wàrà ẹ̀wà sóyà ni tófù, ó rọ̀, ó sì máa ń tètè fọ́.

"Ra á wá ná," ni ìyá wa dá a lóhùn. "Tófù tèmi ò ní fọ́. Àwọn tó ń jókòó tì ẹ́ ni kó o lọ bi bóyá àyà wọn ò tíì já."

Bàbá kú nínú oṣù kọkànlá ọdún náà. Nígbà tí oṣù kẹta dé, iṣẹ́ èèyàn méjì ló wà lọ́rùn èmi nìkan. Kí igi momo tó tanná, a gbọ́dọ̀ fọwọ́ já èyí tó pọ̀ jù nínú èèhù òdòdó rẹ̀, igi dé igi, ẹ̀ka dé ẹ̀ka, lórí àkàsọ̀. Kiyoharu pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ pé òun ò ní lè wá lọ́jọ́ kejì, pé ẹgbẹ́ òun fẹ́ dán táyà tuntun wò.

"Bàbá kú," mo ní, "ìwọ ń lọ yí po lórí ọ̀dà. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n bí ni?"

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Màá wá."

Àkàsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la ń lò. Ṣéènì kan ló máa ń fa ẹsẹ̀ kẹta mọ́ àwọn méjì yòókù, kó má bàa yà. Ṣéènì àkàsọ̀ tó gùn lọ́jọ́ náà ti já láti ìgbà ìkórè. Okùn ni mo fi so ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé màá ra òmíràn.

Ibi tó ti bọ́ kò ga ju ìdúró èèyàn lọ. Kò pariwo. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí àpò ajílẹ̀ bá já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo òkè, ó rọra ń mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na ẹsẹ̀ mi."

"Ó ti nà, Kiyo."

Ó wò mí. Nígbà tó yá ó di ojú rẹ̀.

Mo pe ọkọ̀ agbáláìsàn. Kí wọ́n tó dé, mo ṣe ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́ta: mo tú okùn tó já náà kúrò lára àkàsọ̀, mo ká a, mo fi sí àpò ṣòkòtò mi.

Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹ́. Láti abẹ́ igbá àyà lọ sísàlẹ̀, ara rẹ̀ ò mọ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá. Dókítà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tẹrí ba fún ìyá wa. Ìyá wa náà tẹrí ba fún un. Wọ́n ń tẹrí ba fún ara wọn bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀bùn ni ọ̀kan gbé fún èkejì.

Obìnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́, Chinatsu. Ọjọ́ Sunday kan ò lọ kó má wá, fún odindi ọdún kan. Lọ́jọ́ kan Kiyoharu sọ fún un lójú mi pé, "Má wá mọ́. Bó o ṣe ń wò mí yẹn, bí wọ́n ṣe ń wo ilé tó jóná ni." Chinatsu ò jiyàn. Òun àti ìyá wa jọ sunkún lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ó ti lọ́kọ ní Yamagata báyìí. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ọdún méjì ni Kiyoharu fi wà nínú yàrá tí kọ́tìnnì rẹ̀ kì í ṣí. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwẹ̀. Ẹsẹ̀ tó mọ kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀ yẹn á máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí mi, ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Kò bú mi rí. Kò dúpẹ́ rí. Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ó ṣeé ṣe kí n ti sọ ọ̀rọ̀ okùn yẹn fún un.

Sakuma ló mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá. Mẹkáníìkì ni, ẹgbẹ́ mi ni, ilé-ìwé kan náà la jọ lọ. Ó ti bá àgbẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ gé lẹ́sẹ̀ tún ọkọ̀ wọn ṣe rí.

"Ọkọ̀ tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn," Sakuma ní, "òun gan-an ló kù fún un. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kò nílò ẹsẹ̀ òsì. Tí mo bá fa bíréèkì àti tọ́tù wá sí ọwọ́, kò nílò tọ̀tún náà. Jíà ti wà lábẹ́ ìka. Kí ló tún kù?"

"Kò ní gbà. O mọ bó ṣe máa ń bú u."

"Nobu, ìwọ gbé oúnjẹ síwájú ẹni tí ebi ń pa ná. Tó bá fẹ́ bú ọbẹ̀, kó bú u. Á ṣì jẹ ẹ́."

Mo ta oko wa tó wà lẹ́bàá odò, mo fi ra ọkọ̀ eré àlòkù kan. Àwọ̀ eérú ni, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé tí mo bá fẹ́ jáde nínú rẹ̀, àfi kí n fọwọ́ tẹlẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Sakuma ri ọ̀pá kan mọ́ apá òsì ìjókòó awakọ̀. Tí èèyàn bá tì í síwájú, ó tẹ bíréèkì; tó bá fà á sẹ́yìn, ó tẹ tọ́tù. Ó fi kókó kan sórí sítíárìn kí ọwọ́ ọ̀tún nìkan lè máa yí i. Ìka ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ni yóò máa fa ewé ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ò lè fi ọ̀pá sílẹ̀ láti fa ewé òsì. Sakuma bá fa wáyà rẹ̀ wá sí orí ọ̀pá, ó fi bọ́tìnnì kan sábẹ́ àtàǹpàkò. Oṣù méjì ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn pẹ́dáálì ẹsẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n wà, fún ẹni tó bá lẹ́sẹ̀.

A gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ àtíbàbà níwájú fèrèsé Kiyoharu. Mo ṣí kọ́tìnnì kó lè rí i.

"Ẹ ra mọ́tò fún mi," ó ní. "Ẹ ò kúkú ra bàtà." Ó ní kí n ti kọ́tìnnì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo rí i pé kọ́tìnnì ti ṣí níwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń pọ̀n ọ́n bọ̀ láti ilé ìwẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Ta ló ṣe ọ̀pá yẹn? Ó gùn jù. Ẹ ní kí Sakuma gé ìwọ̀n ìka méjì kúrò lára rẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Sakuma. Bàtà ilé ni mo wọ̀ débẹ̀.

Ó ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ awakọ̀, ó yege. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo àárọ̀ Sunday, à ń lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ọjà ẹ̀fọ́, tó máa ń ṣófo lọ́jọ́ náà. Níbẹ̀rẹ̀, ojú tì í. Á fa ọ̀pá nígbà tó yẹ kó tì í, ọkọ̀ á fò síwájú bí ewúrẹ́. Á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, jíà á já wálẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ, ẹ́ńjìnnì á bú.

"Ọwọ́ mi ń ronú," ó ní. "Ẹsẹ̀ mi ò ronú rí."

"Kó máa ronú ná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ gbé katakata wọ inú kòtò odò lọ́dún tó kọjá, ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látìgbà tó ti ṣubú. Mo yíjú sí fèrèsé kó má bàa rí ojú mi.

Nígbà tó fi di oṣù kẹta, ọwọ́ ti gbọ́. Á yí po láàrin àwọn ìlà ibi ìgbọ́kọ̀sí, ìka ń fa, àtàǹpàkò ń tẹ, ọkọ̀ ń gòkè jíà, ó ń sọ̀kalẹ̀, kò sí ìkọsẹ̀ kankan láàrin wọn. Ìyá wa á di onigiri, ìṣù ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ mọ, fún wa. Lọ́jọ́ kan Kiyoharu fẹ̀yìn ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní kí ìyá wa wọ ọkọ̀ kí àwọn lọ ra tófù. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ìyá wa jáde, wọ́n di àyà mú, tófù ò fọ́. Wọ́n wọ ilé ìdáná, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ láwọn nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Lásìkò yẹn mo gbà lọ́kàn mi pé mo ti tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Mo ń sùn dáadáa.

Ọ̀nà tó gba orí òkè Azuma kọjá máa ń wà ní títì ní gbogbo ìgbà òtútù. Oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ro yìnyín kúrò lórí rẹ̀, ògiri yìnyín á wá wà lápá méjèèjì, èyí tó ga ju ọkọ̀ lọ. Orí ọ̀nà yẹn ni Kiyoharu ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ó ní ibẹ̀ ló wu òun láti lọ. A dé ẹnu géètì láago méje àárọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

"Ẹ so bẹ́líìtì yín le," ó ní. "Kì í ṣe tófù là ń lọ rà."

Ó fa ọ̀pá. Ẹ́ńjìnnì ké, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Ìka rẹ̀ fa ewé, mo gbọ́ ìró kúkúrú kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ta ìka, a ti wà ní jíà kejì. Ó tún fà á, ìkẹta dé. Bí kọ́nà bá ń bọ̀, á ti ọ̀pá síwájú, àtàǹpàkò rẹ̀ á tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì á bú sókè díẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣe nígbà kan, a óò sì wọ kọ́nà bí omi ṣe ń wọ kòtò. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ọmọ ogún ọdún ni. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣí nígbà tó bá ń sùn lẹ́yìn mi.

Bí a ṣe ń gòkè ni igi ń dínkù tí yìnyín ń ga. Lẹ́yìn kọ́nà ọwọ́ òsì kan, omi yìnyín tó yọ́ ń ṣàn kọjá lórí ọ̀dà. Ìdí ọkọ̀ yọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára, ní ìdí tí mo fi jókòó, bí ìgbà tí wọ́n bá rọra fa ẹní lábẹ́ èèyàn. Mo gbá ilẹ̀kùn mú. Mo wo Kiyoharu. Ojú rẹ̀ ò yí padà, ó ṣì ń fa ọ̀pá. Kò mọ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ rí i pé imú ọkọ̀ ti kọjú sí yìnyín ni ọwọ́ rẹ̀ tó yí sítíárìn, ó sì ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ pòyì lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha ògiri yìnyín, ó dúró, ó kọjú síbi tí a ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Kò sí ọkọ̀ kankan lẹ́yìn wa.

A gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti orí ògiri.

"Ẹ gbá ilẹ̀kùn mú," ó ní.

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Rárá. Ẹ ti gbá a mú kí imú ọkọ̀ tó yí. Mo rí ọwọ́ yín." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. "Ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa katakata."

Mo ní ọ̀nà ló yọ̀, pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ má tàn mí, Ẹ̀gbọ́n. Ìdí ni wọ́n fi ń wakọ̀. Gbogbo àwọn tí mo kọ́ ni mo máa ń sọ fún: ìdí á sọ fún ẹ kí ọkọ̀ tó bọ́, ojú á sọ fún ẹ lẹ́yìn tó bá ti bọ́. Èmi ò ní ìdí mọ́. Láti àárọ̀, mo kàn ń wo ọkọ̀ yìí ni, bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n."

Ó yí ọkọ̀ náà padà, ó rọra wà á gòkè. Kò fa ewé kankan mọ́, ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yan jíà tó wù ú. A dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jododaira, níbi tí èéfín òkè ti ń jáde láti inú ilẹ̀, tí gbogbo afẹ́fẹ́ ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Mo da tíì sínú ìdérí fíláàsì, mo nà án sí i. Kò gbà á.

"Mo rò pé ọwọ́ ló kù," ó ní. "Ní ọjà ẹ̀fọ́ yẹn, ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀dà gbẹ, kò sí ohun tí ìdí fẹ́ sọ. Mo rò pé tí ọwọ́ bá ti gbọ́, ó tán. Kí ẹ tó ra ọkọ̀ yìí, ó ṣì ku ohun kan fún mi: mo lè máa sọ pé ká ní mo rí ọkọ̀ ni, ǹ bá ṣì wà á bíi tẹ́lẹ̀. Ẹ wá lọ rà á."

Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́. Bóyá torí pé mi ò ní nǹkan mìíràn láti sọ.

"Kiyo. Ọ̀rọ̀ kan wà. Ṣéènì àkàsọ̀ ọjọ́ yẹn…"

"Okùn ni," ó ní. "Aláwọ̀ búlúù. Mo rí i kí n tó gùn ún."

Mo yíjú sí i.

"Mo rí i, mo sì gùn ún. Inú ń bí mi sí yín, mo fẹ́ kí iṣẹ́ yẹn tètè tán kí n lè máa lọ. Mo tún rí yín nígbà tí ẹ ń tú u. Ṣé ẹ rò pé mo dákú ni?"

"Ọdún mẹ́ta, Kiyo. Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó ń wo èéfín. Obìnrin méjì tó ń gun òkè kọjá níwájú wa, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, wọ́n kí wa. Ó kí wọn padà dáadáa. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ló tó dáhùn.

"Tí mo bá sọ pé mo mọ̀, ẹ ó sunkún. Màá ní kò burú. Ara á tù yín. Mi ò fẹ́ kí ara tù yín. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá pọ̀n mí, mo máa ń gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù lẹ́yìn yín, mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹ̀bi yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò tíì lọ. Òun nìkan ló kù tó jẹ́ tèmi."

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ gbé e lọ."

Mo jókòó síbẹ̀. Mo retí pé ẹkún máa dé, kò dé. Ara ò tù mí. Tíì tutù sínú ìdérí fíláàsì lọ́wọ́ mi.

Ó ní òun ò lè wà á sọ̀kalẹ̀, kí èmi wà á. Mo pọ̀n ọ́n yí ọkọ̀ ká lọ sí ìjókòó kejì, mo so bẹ́líìtì rẹ̀, mo jókòó sídìí sítíárìn, ẹ̀rù ń bà mí. Mo fi jíà sí ibi tí á ti máa yí ara rẹ̀.

"Ẹ má fi síbẹ̀," ó ní. "Bíréèkì á gbóná lórí ìsọ̀kalẹ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fi dá a dúró. Ẹ fa ewé òsì."

Mo fà á. Ọkọ̀ ké bí ẹran tí wọ́n fa lókùn.

"Ẹ jẹ́ kó ké. Kò ní kú. Ẹ tún fà á."

Ó ti dijú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń darí mi láti kọ́nà dé kọ́nà pẹ̀lú etí nìkan: òsì kan, ẹ dúró, òsì kan sí i, ẹ wá fa tọ̀tún báyìí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ owó oṣù. Èmi ń mọ gbogbo bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ àti bó ṣe ń gbé lára mi, ojú sì ń tì mí pé mò ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a délé, ìyá wa ti gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ miso kalẹ̀. Wọ́n rí bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ṣe ha.

"Kí ló kàn án?"

"Yìnyín ni, Màmá," Kiyoharu ní.

Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n bu ìrẹsì fún wa. Wọn ò bèèrè mọ́ títí wọ́n fi kú.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni kọ́tìnnì tún padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Sakuma máa ń wá bá wa tan ẹ́ńjìnnì náà kí bátìrì rẹ̀ má bàa kú. Kiyoharu kì í yọjú. Nígbà ìkórè, ó ní kí n tà á. Oníṣègùn eyín kan láti Sendai ló wá rà á. Ó fi ìka ta àwọn ewé jíà bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré, ó bi mí bóyá ọkọ̀ náà ní àbùkù kankan. Mo ní kò ní. Sakuma fọwọ́ ara rẹ̀ tú ọ̀pá náà kúrò. Ó bi Kiyoharu bóyá kí òun tọ́jú rẹ̀. Kiyoharu ní kó sọ ọ́ nù.

Lẹ́yìn náà ó ríṣẹ́ ní Koriyama, níbi tí wọ́n ti ń dáhùn tẹlifóònù àwọn tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn bàjẹ́. Ó gba yàrá nísàlẹ̀ ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀. Sakuma ṣe ọ̀pá mìíràn sínú ọkọ̀ kékeré kan fún un, ó fi ń lọ síbi iṣẹ́ àti ọsibítù, kì í sáré, kì í sì í sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ìyá wa kú ní ìgbà òtútù kejì. Ó wá sí ìsìnkú wọn, ó fọwọ́ bu tùràrí sórí ẹyín iná bó ṣe yẹ, ó padà lọ lọ́jọ́ náà.

Sakuma bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá Kiyoharu ti dárí jì mí. Mo ní mi ò mọ̀. Kiyoharu ní kí n gbé ẹ̀bi náà lọ ni, mo sì gbé e.

Mo máa ń pè é. Nínú oṣù kẹjọ tó kọjá, momo ti pọ́n, mo sọ fún un pé mo lè gbé páálí kan wá lọ́jọ́ Sunday, pé tọdún yìí dùn.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ sùn lọ́jọ́ yẹn."

"Sunday tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́?"

"Màá rí i ná."

Mo ní ó dáa. Ó ní kí n máa tọ́jú ara mi nínú oòrùn. Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo sì padà sínú oko.